Àwọn Tó La Ọ̀nà Odò

Ọmọ mi obìnrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gun Òkè Ìdànrè lọ́dún tó kọjá. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n á dá owó mọ́tò jọ, wọ́n á gbéra ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gun òkè, wọ́n á ya fọ́tò. Nígbà tó fi máa wọlé dé ní Ìjanikin lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ńṣe ló ń tiro. Ó ní àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600, àti pé gígùn rẹ̀ kò dun òun tó sísọ̀. Mo gbé omi gbígbóná àti òrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ fún un. Ẹnu ìyẹn la wà tó fi bi mí pé:

"Mọ́mì, ta ló ń tún ọ̀nà òkè yẹn ṣe? Koríko ti bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà káàkiri, ibì kan sì wà tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkúta lọ."

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni ìyá mi, ọmọ Àwórì ni bàbá mi, nítorí náà ọ̀nà méjì ni ìbéèrè yẹn gbé mi gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Orí òkè yẹn ni gbogbo ìlú Ìdànrè wà tẹ́lẹ̀. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, kóòtù wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 wà níbẹ̀, títí di òní ni àwókù wọn sì wà tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wò. Láàárín 1920 sí 1935 ni àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé ni ìyá àgbà tó bí ìyá mi nígbà tí wọ́n ru ẹrù wọn kúrò lókè. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà lókè, iyọ̀, epo, ìyàwó tuntun, aláìsàn, gbogbo ohun tó bá máa wọ ìlú, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà gòkè. Bí òkúta kan bá yẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni yóò sọ ẹrù kalẹ̀ táá tì í padà sí ipò. Ó ní bí o bá fò ó kọjá, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ṣubú, ilé yín ni wọ́n máa gbé e wá.

Ní ti Ìjanikin, a ò ní òkè kankan. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Yanrìn ló wà lókè, àbàtà ló wà nísàlẹ̀, omi ló sì yí wa ká. Ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà tiwa. Ọ̀nà odò la máa ń pè é. Ẹ̀yìn agboolé wa ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àárín igi àgbọn kọjá, ó gba oko ẹ̀gẹ́, ó wá wọ inú igbó ọ̀gọ̀rọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, kó tó yọ sí èbúté lẹ́bàá ọ̀sà Ológè. Kí títì tó dé, ọ̀nà yẹn lẹnu ọ̀nà ìlú. Ibẹ̀ lọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èèyàn lọ sí Àgbádárìgì, ibẹ̀ lẹja ti ń gòkè, ibẹ̀ la ti ń gbé ẹ̀gẹ́ àti àgbọn sọ̀ kalẹ̀ lọ tà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń ṣe ọ̀wẹ̀ ọ̀nà odò: ẹ̀ẹ̀kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà kí òjò ńlá tó dé, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Tó bá ku ọ̀la, Baálẹ̀ á rán akéde jáde lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. A máa gbọ́ agogo láti ọ̀nà jíjìn, a sì máa dákẹ́.

"Ará ilé, ará oko, ọ̀la lọ̀wẹ̀ ọ̀nà odò o! Ẹni tó ní àdá, kó mú àdá. Ẹni tó ní ọkọ́, kó mú ọkọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣáà kán!"

Bàbá mi kì í sùn kó má tíì pọ́n àdá rẹ̀. Á da omi díẹ̀ sórí òkúta, á fi àdá wọ́ ọ síwá sẹ́yìn, á fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, á tún wọ́ ọ. Orí ẹní la wà tí a ó máa gbọ́ ọ. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbọ́ tí alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ lọ́jà Ìbà, oorun ọmọdé a máa gbé mi.

Bí ìdájí bá ti là, àwọn géńdé ti wà níwájú. Wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á máa ṣán igbó lọ. Àgbàlagbà kan á dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Kò ní bá wọn ṣán nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo bí ọ̀nà ṣe ń lọ, kó máa ké pé, "Ẹ bọ́ sápá ọ̀tún díẹ̀, ó ti ń wọ́!" Àwọn baba wa ló kúkú sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń la ọ̀nà kì í mọ̀ bí ẹ̀yìn òun bá wọ́. Mo ti ń pa òwe yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó rántí pé mo ti fojú mi rí i, mo rí ọ̀pá náà, mo sì gbọ́ ohùn ẹni tó dì í mú.

Àwọn mìíràn á tẹ̀ lé wọn láti máa hú kùkùté, nítorí obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìyá wa pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀. Àwa ọmọdé ló ń kó ẹ̀ka igi dà sínú igbó, tí a sì ń pariwo nígbàkúùgbà tí a bá rí alángbá. Tí ẹni tó ń lọ sóko bá kọjá, á kí wa pé ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn náà á sì gba inú igbó lọ dé etí omi.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí díẹ̀ ni ibi tí yanrìn ti pàdé àbàtà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí òjò bá rọ̀, ojú ọ̀nà gan-an ni àgbàrá máa ń gbà, torí pé ọ̀nà ló mọ́, òun ló sì ti jìn díẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì, á gbẹ́ ẹ di kòtò. Bàbá Ègùn kan ló mọ itú rẹ̀ pa. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbẹ́, torí náà Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Yóò ní kí wọ́n dúró. Yóò bu omi sínú igbá, yóò rọra dà á sójú ọ̀nà, yóò wá lóṣòó tì í, yóò máa wo bó ṣe ń rìn. Omi náà á yà síbí, á yà sọ́hùn-ún, á wá rí ibi tó wù ú. Nígbà náà ni Bàbá á fi ìka fa ìlà sórí yanrìn, kì í ṣe kó dábùú ọ̀nà ṣánṣán o, ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ni, bí ìgbà tí èèyàn fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n á gbẹ́ ojú ìlà náà, wọ́n á gbé ìtì àgbọn sínú rẹ̀ títí yóò fi ku bí ìbú ọwọ́ kan tó yọ sókè, wọ́n á fi èèpo àgbọn àti amọ̀ kì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí òjò bá wá dé, omi á sáré dé ibi ìtì náà, á tẹ̀ lé e lọ sínú igbó jẹ́jẹ́, ọ̀nà á sì wà níbi tó wà.

"Ẹ má bá omi jà," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn Ègùn tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ṣáà fi ọ̀nà tirẹ̀ hàn án."

Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀. Gàrí, ẹja yíyan àti ẹmu ló ń dé nígbà tí oòrùn bá wà lókè orí, abẹ́ igi àgbọn la sì ti ń jẹ ẹ́. Ẹni tí kò bá wá láìnídìí á san ìtanràn, wọ́n á fi owó náà ra ẹmu fún àwọn tó wá. Opó àti aláìsàn kì í san. Mo rántí ọdún kan tí bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ń jà nítorí ilẹ̀. Oṣù bíi mélòó kan ni wọn ò fi kí ara wọn. Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní kí bàbá mi gbé orí ìtì, ó ní kí àbúrò bàbá mi gbé ìdí rẹ̀. Ìtì àgbọn tútù wúwo gan-an. Ẹni tó wà níwájú gbọ́dọ̀ máa sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé kòtò wà níbí, yà sí òsì, rọra. Wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé ìtì náà dé ibi tó ń lọ. Ìjà ilẹ̀ ò tán lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti padà.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí katakata ń hú ilẹ̀ fún títì Èkó sí Àgbádárìgì. A máa ń sá lọ wò ó. Inú gbogbo wa ló dùn, n ò sì ní purọ́ pé kò yẹ kó dùn: aláboyún tó fẹ́ bímọ lóru kò ní máa dúró de ọkọ̀ ojú omi mọ́. Lẹ́yìn títì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń dé. Federal Government College dé sí Ìjanikin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó di Adéníran Ògúnsànyà dé, òun àti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n pa pọ̀ di yunifásítì ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. LASU bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Ọjà Àlàbà ń gbòòrò. Èèyàn ń wọlé láti ibi gbogbo, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé. Ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà odò. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ bá sì ti kúrò lórí rẹ̀, igbó ní í gbà á, bí igbó ò bá gbà á, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ á gbà á. Agogo akéde ò dún mọ́. N kò lè dárúkọ ọdún tó dákẹ́, torí pé lọ́dún yẹn, a rò pé òjò ló fà á ni.

Ìjọba ológun wá fi ètò WAI (War Against Indiscipline), tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984, mú gbogbo wa jáde. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti agogo méje sí mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn, kálukú gbọ́dọ̀ máa gbálẹ̀. Wolé-wolé ń lọ káàkiri, ṣọ́jà sì wà lójú títì. Tipátipá ni, mi ò fẹ́ràn tipátipá. Àmọ́ nínú àdúgbò wa, nígbà tí a bá ti gbá iwájú ilé tán, àwọn ọkùnrin á bọ́ sínú gọ́tà, wọ́n á máa fi ṣọ́bìrì gbé ẹrẹ̀ jáde, ẹnì kan á sọ àwàdà, ẹnì kan á gbé ẹ̀wà jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ àwọn tí a jọ ń gbé ojúlé kan. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé kò sí òfin tó fàyè gbà á kí wọ́n sé èèyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó. Nígbà tó di 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé e. Ìdájọ́ náà tọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, tí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù bá dé, mo ṣì máa ń jí, màá wo ojúlé wa láti ojú fèrèsé, kò sì sẹ́nì kankan níta.

Títì ńlá wa náà, ẹ mọ ìtàn rẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe láti Orílé títí dé Okokomaiko, títì oníbejì tí ọkọ̀ mẹ́wàá á lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí reluwé á sì wà láàárín. Reluwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, láti Marina dé Mile 2. A ṣì ń retí rẹ̀ ní Okokomaiko. Ní gbogbo ọdún tó wà láàárín, eruku la jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ la wọ́ nígbà òjò. Ìjọba ló ni títì bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀wẹ̀ tó lè ṣe é. Ohun tó ń dùn mí jinlẹ̀ ju títì lọ. Inú àdúgbò ló wà.

Ẹ wọ àdúgbò èyíkéyìí tó wà nísàlẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀. Ẹ ó rí pákó tí àwọn ọ̀dọ́ tẹ́ sórí omi, ẹ ó san owó kẹ́ ẹ tó gorí rẹ̀. Ẹ bọ́ sójú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó mú ṣọ́bìrì, wọ́n ń da yanrìn sínú kòtò, wọ́n ń na ọwọ́ sí dírẹ́bà. Mi ò bá wọn jà, ebi ló lé wọn débẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é nínú òjò. Mo kàn ń wo ibi tí wọ́n ń da yanrìn sí: ojú ọ̀nà omi gẹ́lẹ́. Kí wọ́n tó padà wá lọ́la, omi á ti kó o lọ. Kò sẹ́ni tó fi igbá bu omi wò fún wọn rí.

Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbọ́ mi lódì. Wọ́n ń dá owó jọ fún típà yanrìn àti fún ọdẹ. Èmi náà ń san tèmi. Lórí fóònù ni mo ń fi ránṣẹ́, mo mọ nọ́ńbà àkáǹtì náà lórí bí orúkọ ọmọ mi. Àmọ́ ẹni tó ń gbé ojúlé kẹta sí mi, n kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ọwọ́ la fi ń tún ọ̀nà ṣe nígbà kan, owó la fi ń tún un ṣe báyìí. Ilẹ̀ á rí yanrìn lọ́nà méjèèjì, ṣùgbọ́n owó kì í bá ẹnikẹ́ni gbé ìdí ìtì.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Òun àti àwọn òyìnbó bíi mẹ́jọ ló wà nínú igbó lórí òkè, akoto wà lórí wọn, ọkọ́ àti ayùn wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló wà lọ́hùn-ún tó gùn tó nǹkan bíi 3,500 kìlómítà, láti Georgia dé Maine, ó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá lórí àwọn òkè Appalachia. Benton MacKaye ló dá a lábàá ní 1921, wọ́n la á tán ní 1937, láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni àwọn tó ń fi ara wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni, àwọn olùkọ́ ni, àwọn nọ́ọ̀sì ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ibi tí í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ìjì Helene wó igi kún ọ̀nà náà ní oṣù kẹsàn-án 2024, àwọn náà ló gbé ayùn jáde.

Gbogbo ìyẹn ni àbúrò mi kọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn tó wà nínú fọ́tò ni mo ń wò. Ìtì igi kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti rì í, ó ku bí ìbú ọwọ́ kan tó yọ sókè. Kò dábùú ọ̀nà ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ló wà, bí ìgbà tí èèyàn fẹ̀yìn ti ògiri.

Mo pè é. Oru ni lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "O rántí Bàbá Ọlọ́kọ̀?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òun ni mo rántí tí mo fi ya fọ́tò yẹn." Ó ní nígbà tí olórí wọn ń ṣàlàyé ibi tó yẹ kí wọ́n rì í sí, òun ti bu omi láti inú ike òun, òun ti dà á sílẹ̀, òun sì ti lóṣòó. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí omi náà yà, olórí wọn ní kí wọ́n sún ìtì sísàlẹ̀ díẹ̀.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ayọ̀ náà ti di nǹkan mìíràn. Ọmọ Ìjanikin ń ri ìtì ní Virginia, àgbàrá sì ń gbẹ́ ẹ̀yìn ilé wa lọ.

Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ tó kọjá, mo ní kí ọmọ mi sin mí lọ wá ọ̀nà odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san. Agboolé wa ni a ti gbéra. Ibi tí igi àgbọn wà tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ibi tí wọ́n ti ń dá búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀. Ibi oko ẹ̀gẹ́, ilé ló kún ún. A yí po, a bèèrè, àwọn tí a bi ń wò wá bí ẹni pé a fẹ́ gba ilẹ̀ wọn. Nígbẹ̀yìn, a rí àlàfo tóóró kan láàárín fẹ́ǹsì méjì. Kò gba èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀gọ̀rọ̀ mélòó kan ṣì wà, a sì ń gbọ́ ẹ̀rọ àwọn tó ń wa yanrìn lórí omi.

Mo lóṣòó. Ọmọ mi rò pé ó rẹ̀ mí ni. Mo gba ike omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sílẹ̀ díẹ̀, àwa méjèèjì jọ ń wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà láàárín fẹ́ǹsì, kò yà síbì kankan.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì dá mi lóhùn," ó ní. "Ọ̀rọ̀ Ìdànrè ọjọ́sí. Ta ló ń tún un ṣe?"

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àwọn tó tún eléyìí ṣe fún un. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ní kí n máa dárúkọ wọn, òun á máa kọ ọ́. Mo dárúkọ bàbá mi. Mo dárúkọ àbúrò rẹ̀. Mo dárúkọ Baálẹ̀ ìgbà náà, akéde, bàbá tó ń mú ọ̀pá, ìyá tó ń gbé ẹ̀kọ wá, àwọn ìbejì tó ń hú kùkùté, ìyàwó pásítọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ òun. A dé orí mẹ́rìndínlógún. Mo wá ní, "Kọ Bàbá Ọlọ́kọ̀."

Ó kọ ọ́. Ó gbé ojú sókè.

"Kí lorúkọ wọn gan-an?"

Mo la ẹnu. Mo wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí omi tí mo dà ti wọnú ẹrẹ̀.